Ta Ni Ọ̀gá Àwọn Aṣọ́lé?

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá mi lẹ táyà ọ̀kadà ní Ìpókíá ni mo jókòó sí tí àríyànjiyàn fi dé: nínú gbogbo aṣọ́lé Super Eagles, ta ló mọ bọ́ọ̀lù mú jù?

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Peter Rufai ni. Ṣebí Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì bọ́dà níbí ló ti ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ Dragons ní 1986? Ará ilé wa ni." Àfi bíi pé bọ́dà ló kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù mímú! Lóòótọ́, òun ló ṣọ́lé fún wa tá a fi gba ife Áfíríkà ní 1994. Ọmọ ọba Ìdímù sì ni. Wọ́n ní oyè bàbá rẹ̀ kàn án, kò jẹ ẹ́. Ẹni tó ti fi ojú ilé ṣe ààfin.

Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dá sí i: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, Enyeama ni. Ní ife àgbáyé 2010, Messi gbá a títí, kò wọlé."

"Ṣebí Argentina nà wá ní 1-0?"

"Heinze ló fi orí kàn án sílé, ọ̀gá. Kì í ṣe Messi."

Bàbá kan tó wá fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ní àṣekágbá ife Áfíríkà 1980, a jẹ góòlù 3, Algeria ò jẹ ẹyọ kan. Ta ló ṣọ́lé? Best Ogedegbe. Orúkọ ẹ̀ ni Best! Kí lẹ tún ń jà sí?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́ ṣììì lára táyà mi. Ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ náà ni.