Ẹ Bá Wa Pàtẹ́wọ́ fún Onígbèsè

Ẹnì kan jẹ yín ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà láti èṣí. Ẹ pè é títí, kò gbé fóònù. Ẹ wá ń ṣe òkú ìyá yín lọ́jọ́ Sátidé, bàbá yìí wọlé tòun ti àgbádá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igba-igba náírà lẹ̀ yín níwájú orí. Onílù ń kì í bí ẹni máa ya wèrè. Àlejò ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ń jó sún mọ́ ọn tẹ̀ríntẹ̀rín, torí bí ẹ bá dá agbo dúró pé, "Ọ̀gbẹ́ni, owó mi dà?", ẹ̀yin ni wọn yóò pè ní aláìmoore.

Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń pè ní ojúṣe wọn sí àwùjọ nìyẹn. Mi ò ní gbogbo wọn o. Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí kànga ẹ̀rọ ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Aago mẹ́wàá ló wà nínú ìwé ìpè. Baálẹ̀ ti jókòó láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, torí wọ́n ní kí àgbà má pẹ́. Aago méjìlá ti lọ kí ọ̀gá àgbà tó dé. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú jáde, àwọn obìnrin hó yèè. Wọ́n bu omi náà sínú ife fún ọ̀gá. Ó nà án sókè kí àwọn oníkámẹ́rà rí i, ó gbé e kan ètè, ó sì gbé ife fún ẹni tó dúró tì í. Nígbà tó padà sórí àga, omi onígò ló ní kí wọ́n gbé wá fún òun. Pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, ó sì ga ju tánkì lọ: orúkọ iléeṣẹ́, orúkọ ọ̀gá, àti àwòrán ọmọdé kan tó ń rẹ́rìn-ín sí omi, tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò kò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ṣe kànga tí àwọn baba wọn gbẹ́. Ìbéèrè aláìlójútì nìyẹn lọ́jọ́ ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà ẹ̀yìn mọ gọ́tà tó gba abẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ jáde. Á pupa lọ́jọ́ Ajé, á dúdú bí aró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á sì mọ́ gaara lọ́jọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀. Ẹni tó ń ta gọ́tà lólobó pé wọ́n ti ń bọ̀ ni ẹ bá mi wá.

Ọmọkùnrin tó ń gbé ìrẹsì inú páálí kiri fún àlejò níbi ayẹyẹ ọ̀hún, tí orúkọ iléeṣẹ́ wà lẹ́yìn fáńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kásúà ni. Òfin òṣìṣẹ́ wa ní kí ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ fún un ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọmọkùnrin yìí ti bí ọmọ mẹ́ta sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún, ìwé kan ṣoṣo tó tíì gbà ni káàdì tó fi ń wọ géètì. Àwọn tó níwèé ńkọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí iléeṣẹ́ fi mẹ́wàá lé e. Mẹ́jọ ti òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ yọ rárá. Ọ̀nà tí òun àti mẹ́wàá yóò rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó náà ló jìn, débi pé PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ní láti gba àwọn agbowó tó ń lé iléeṣẹ́ kiri.

Síbẹ̀, nínú gbogbo ìtàn ẹ̀bùn tí mo mọ̀, kò sí èyí tó tó ti Bodo, ìlú àwọn apẹja ní ilẹ̀ Ògóní. Lọ́dún 2008, páìpù epo Shell bẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Epo rọ́bì ń ya wọ odò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹja kú, igi etídò kú, àwọn apẹja fa ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2009, iléeṣẹ́ gbé ìrànlọ́wọ́ dé: ìrẹsì 50 àpò, ẹ̀wà 50 àpò, gàrí 50 àpò, tòmátì 50 páálí, òróró ẹ̀pà 50 agolo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi àádọ́ta yìí. Ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára, ó wo odò tó bà jẹ́, ó wo ìlú odindi, ó ní àádọ́ta ló tó. Ó lo àádọ́ta náà fún gbogbo nǹkan kí ìrẹsì má baà fojú di ẹ̀wà. Ó tiẹ̀ rántí òróró. Ẹja nìkan ni kò rántí, ní ìlú tó jẹ́ pé ẹja ni wọ́n fi ń jẹ gàrí.

Àwọn ará Bodo kọ́kọ́ ní àwọn ò gbà á. Mo lè fojú inú wo bí ó ti dun àwọn tó gbé e wá tó. Ẹ wo bí ayé ṣe ya aláìmoore! Ìlú náà gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, tí àwọn ènìyàn 15,600 pín mílíọ̀nù 35 nínú rẹ̀, tí ìyókù sì jẹ́ ti ìlú. Láti orí gàrí 50 àpò dé orí mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, kí ló yí padà? Odò kò bà jẹ́ jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́yà ló dé sáàárín.

Kí ẹ má baà rò pé àrùn ilẹ̀ wa nìkan ni, ní oṣù keje ọdún 2000, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Enron ní Houston, Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìwà rere olójú ewé 64 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Kí ọdún 2001 tó parí, iléeṣẹ́ náà wó, torí irọ́ ló kún inú ìwé ìṣirò owó. Àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn gbé ìwé ìwà rere ọ̀hún sórí eBay, wọ́n ń tà á. Ó kéré tán, ó wúlò fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń ṣètò òdíwọ̀n Dow Jones, tó ń wo bí iléeṣẹ́ ṣe ń tọ́jú ayé sí, gbé iléeṣẹ́ Volkswagen sípò kìíní láàárín àwọn onímọ́tò. Oṣù yẹn náà ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà: nínú mọ́tò oní-dísù bíi mílíọ̀nù 11 kárí ayé, kọ̀ǹpútà kan wà tó mọ ìgbà tí wọ́n ń yẹ mọ́tò wò. Níwájú aláyẹ̀wò, èéfín á mọ́. Tó bá dé títì, á padà sídìí ìwà rẹ̀. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, láìsí kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan ní òfin ló máa tún un ṣe. Lọ́dún 2013, India ṣòfin pé kí iléeṣẹ́ ńlá máa yọ náírà méjì, àbí rúpìì méjì, nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ fún àwùjọ. Sẹ́nétọ̀ Uche Chukwumerije ti gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ sílé aṣòfin wa ṣáájú wọn. Kò di òfin. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí iye. Àbá tèmi kò ní ná wọn ní nǹkan kan tó lọ títí: pátákó ní ojú méjì, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò. Kí wọ́n kọ ẹ̀bùn síwájú bí wọ́n ti ń kọ ọ́, kí wọ́n wá kọ gbèsè sẹ́yìn: iye kásúà tí kò níwèé, iye oṣù tí owó ìfẹ̀yìntì kò tíì dé, ohun tó ń bá gọ́tà lọ lóru. Ìdí kan ṣoṣo tí mo rò pé wọ́n lè fi kọ̀ ni pé lẹ́tà-lẹ́tà ni àwọn akọ-pátákó ń gba owó.