Ẹnu Òṣòdì, Ẹnu Pálọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin akọni ẹnu sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá dé Òṣòdì, tí kọ́ńdọ́tọ̀ bá fi ṣéńjì yín ṣeré, ìran rẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa bú kí ó tó ta pútú. Ṣùgbọ́n kí Màmá pe fóònù báyìí: “Ẹ káàárọ̀ mà. A dúpẹ́ mà. Rárá o mà, èmi kọ́ ló ń pariwo, rédíò ni.” Rédíò wo? Rédíò tó mọ orúkọ bàbá kọ́ńdọ́tọ̀? Àgbàlagbà onírùngbọ̀n, ọlọ́mọ mẹ́rin, á bọ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí ẹni bọ́ bàtà.

Ìjàngbọ̀n gidi ni kí bàbá ẹni jókòó síwájú ọkọ̀ kí ẹni máa wà á lọ ní Ojúẹlẹ́gba. Dánfó já wọlé lójijì, ẹnu ṣáájú ọgbọ́n: “Ìyá ẹ…!” Bàbá rọra yíjú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀ jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mo mọ̀ fi àdúrà parí tiẹ̀: “Ìyá ẹ… á jèrè ẹ o! Orí ẹ… á gbè ẹ́ o!” Ó làágùn. Onídánfó tó ti ń wá èébú tó máa dá padà dákẹ́, ó ní, “Àmín, ẹ̀gbọ́n.” Ni Bàbá bá yí gíláàsì sílẹ̀: “Dìndìnrìn! Aláìníláárí! Ṣé ẹni tó kọ́ ẹ ní mọ́tò ò lójú ni?” Ó yí gíláàsì padà, ó tún fìlà ṣe, ó ní kí ọmọ òun máa rọra wakọ̀.

Àwọn òbí gan-an ni ọ̀gá wa. Ta ló kọ́kọ́ pè yín ní olódo, bí kì í bá ṣe Bàbá tó ń ka èsì ìdánwò yín sókè fún àlejò? Ọjọ́ tí ẹ fọ́ ìṣasùn ni ẹ gbọ́ “alákọrí”. Màmá á ní ìwà ilé bàbá rẹ nìyẹn, Bàbá á ní ìyá rẹ lo jọ. Ọmọ kan ṣoṣo, ìdílé méjì ló ń ru èébú wọn. Bàbá tó bá sì bínú tó pe ọmọ ara rẹ̀ ní ọmọ àlè, ta gan-an ló bú? Mo ti rò ó títí, kò sẹ́ni tó yege nínú ilé yẹn.

Ẹ̀yin ará Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òyìnbó lẹ fi ń ṣépè níwájú Màmá, ẹ rò pé kò gbọ́. Ó gbọ́. Ó ń dúró kí àlejò lọ ni.

Ẹnu kan ṣì wà tó láyè láti bú èèyàn. Ní Kétu, Ẹ̀fẹ̀ olórin lè sọ̀rọ̀ sí ọba lóru eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ilẹ̀ á mọ́ láìsí ẹjọ́. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní 2001. Èébú tìrẹ ńkọ́, ta ló kà á mọ́ nǹkan kan?

Àfi kí o lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, àṣà ní kí wọ́n má dáná. Ààrò tutù, ẹnu ló ń jó. Orin ìsàlẹ̀ ìdodo ní gbangba ìgboro, níwájú àgbà, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ. Ọmọ tó bá rò pé ọjọ́ ẹ̀san dé, kó sáré jáde. Màmá ni yóò bá níwájú èrò, tó ń dárin. Ibi tí orin tọmọ tán sí, ibẹ̀ ni Màmá ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ni yóò wá máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé.