Lẹ́tà Ṣíṣí sí Lọ́yà Elédè Kan Ṣoṣo

Lọ́yà wa ọ̀wọ́n,

Láti ọjọ́ tí Australian National University ní Canberra ti gbà ọ́ fún ẹ̀kọ́ òfin ni màmá rẹ kò ti dáhùn orúkọ mìíràn mọ́ àfi Ìyá Lọ́yà. Àmọ́ mo gbọ́ pé wọ́n ní o lè fi ẹ̀kọ́ nípa Éṣíà kún òfin, kí o sì kọ́ èdè Indonesia, o wá ránṣẹ́ sílé pé Gẹ̀ẹ́sì ti tó ọ. Ìwọ tó fẹ́ fi ẹnu jẹun!

Gbọ́ èyí, torí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọ̀rọ̀ owó. Ilé iṣẹ́ kan láti Texas, Nine AM, yá ilé iṣẹ́ kan ní Indonesia ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là lọ́dún 2010. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn náà, bóyá ó tiẹ̀ dán ju tìrẹ lọ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Indonesia tó jẹ gbèsè náà gbéra, ó di kóòtù: Òfin 24 ti ọdún 2009 ní kí àdéhùn tó bá kan ilé iṣẹ́ Indonesia wà ní èdè Indonesia. Ní 2013, kóòtù Ìwọ̀-Oòrùn Jakarta fagi lé àdéhùn náà. Kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2015. Ìwé tí tọ̀túntòsì bu ọwọ́ lù, èdè ló gbé e ṣubú. Gẹ̀ẹ́sì ti tó, àbí?

O tún ní òfin wọn jìnnà sí tiwa. Ta ló sọ fún ọ? Lóòótọ́, ìwé òfin táwọn ará Netherlands gbé wá ní 1848 ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ kóòtù Mùsùlùmí wà, adat náà wà, ìyẹn òfin ìbílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Minangkabau ní Sumatra, ìlà ìyá ni ilẹ̀ àti ilé àjogúnbá ń tọ̀. (Sọ ìyẹn létí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kí o wo ojú wọn!) Tí o bá ti ka ìwé rẹ dáadáa, o ó rántí pé Privy Council ní London pàápàá gba ìdí-igi wa, ìyẹn kí a pín ogún ní iye ìyàwó, wọlé ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ọmọ ìdí-igi ni ọ́, adat kò ní ṣàjèjì sí ọ.

Àbí ọdún ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Òfin nìkan, ọdún 4. Òfin pẹ̀lú Éṣíà, ọdún 5. Èdè náà kò sì le: ábídí tí a mọ̀ ni wọ́n fi ń kọ èdè Indonesia, kò sì sí àmì ohùn tí o máa gbàgbé bí o ṣe ń gbàgbé ti Yorùbá. Ká ní Japanese ni, ǹ bá bá ọ kẹ́dùn: àmì ìkọ̀wé kanji 2,136 ni ìjọba Japan kà sí ti ojoojúmọ́.

Jọ̀wọ́, lọ forúkọ sílẹ̀ kí ààyè tó tán. Tí o bá sì ráyè, bá mi ka àdéhùn ilé mi. Gẹ̀ẹ́sì ni lándílọ́ọ̀dù fi kọ ọ́, kò sì yé mi.

Èmi ni àbúrò màmá rẹ, tí kò ní san owó lọ́yà.