Ẹṣin Tòkunbọ̀ Tó Ń Fò

Béèyàn bá gun ẹṣin tó ní òun ò ní ju ìpàkọ́, ẹṣin tó gùn á ju ìpàkọ́ fún un. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ẹṣin dáadáa, àmọ́ wọn ò rí jẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀. Ẹṣin á ju ìpàkọ́ fún ọ tán, á lọ jẹ koríko. Jẹ́ẹ̀tì á ju ìpàkọ́ fún ọ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé, á jẹ ilẹ̀, á jẹ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ bá mi fojú inú wo ọ̀gá kan ní Akanda, lápá àríwá Libreville. (Irú rẹ̀ pọ̀ ní Lẹkki náà.) Ó ti kọ́lé sí Angondjé, jíìpù kún àgbàlá, ariwo bàálù tó ń lọ tó ń bọ̀ ní papakọ̀ Léon-Mba kò sì jẹ́ kó sùn. Ẹnì kan wá fi àwòrán Cessna Citation ọdún 1978 hàn án. Ìjókòó aláwọ, ẹ́ńjìnnì méjì, owó rẹ̀ kò sì tó owó ilé tuntun kan ní Ìkòyí. Lójú ẹsẹ̀ ni ìpàkọ́ ọ̀gá ti ń mì.

Citation kì í ṣe ọkọ̀ burúkú o. Ọdún 1969 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ fò ní Wichita, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n dìídì ṣe é kó rọrùn láti wà, kó sì lè balẹ̀ síbi tí ojú ọ̀nà kò gùn. Kò kàn yára bíi Learjet ni. Àwọn awakọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹyẹ ti ń wá kọlù ú.

Ọjọ́ orí ló sọ owó rẹ̀ di pọ́ọ́kú. Kò sọ oúnjẹ rẹ̀ di pọ́ọ́kú. Bí ẹ́ńjìnnì JT15D rẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3,500, títú palẹ̀ ló kàn, owó títún méjèèjì ṣe sì lè ju iye tí ọ̀gá fi ra odindi ọkọ̀ lọ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó jẹ́ pé kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń wò: bó fò, bí kò fò, tí oṣù 36 bá ti pé, owó ti dé nìyẹn. Ní gbogbo àkókò tó fi dúró gbagidi, atẹ́gùn oníyọ̀ láti ojú òkun ń jẹ irin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó tún ku sánmà. Láti oṣù kẹsàn-án 2008, ọkọ̀ tí kò bá ní ohun èlò ìwọn-gíga tó péye kò gbọ́dọ̀ máa rìn láàárín ẹsẹ̀ bàtà 29,000 sí 41,000 lójú òfurufú Áfíríkà. Ìsàlẹ̀ ni yóò máa gbà, nínú òjò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki tí epo sì ń tán kíákíá. Ọ̀gá tó fẹ́ kí ayé máa wo òun lókè!

Ibo ló tiẹ̀ ń lọ? Port-Gentil, tí kò tó 150 kìlómítà. Ọkọ̀ ò tíì gòkè tán tí yóò fi máa sọ̀ kalẹ̀. Tí òkú àgbà bá ṣẹ̀, ó di Èkó, kí àwọn ará ilé lè ya fọ́tò lẹ́nu àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ibì kan wà tí ẹ̀rín ti parí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1993, ọkọ̀ Buffalo àwọn ológun Zambia ń gbé agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn lọ sí Dakar. Ó ti wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìfò. Wọ́n rí i ní Brazzaville pé ẹ́ńjìnnì ń yọnu, wọ́n ṣì ń bá a lọ. Ó rọ epo ní Libreville, ó gbéra, ẹ́ńjìnnì òsì gbiná, awakọ̀ tó ti rẹ̀ pa tọ̀tún. Èèyàn 30 ló bá òkun lọ. Àwọn wọ̀nyẹn kò fi ọkọ̀ ṣe fàájì. Lọ́dún 2012, ní pápá ìṣeré Angondjé, Zambia gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́wọ́ Côte d'Ivoire ní pẹnáritì, 8 sí 7. Ọ̀gá mọ ìtàn náà lórí, ó máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Buffalo yẹn kò tíì pé 20 ọdún nígbà tó já. Citation tí ọ̀gá rà ti lé ní 40.

Ẹ̀yin olówó wa, ẹ máa yá ọkọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀. Tó bá sì di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ béèrè ìwé ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó béèrè àwọ̀ ìjókòó.