Bí Mo Ṣe Wá Àwọn Obìnrin Ogun Dàhómì

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, ilé àwọn ọmọ Lísàbí, ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì tí wọ́n gbógun wá ní oṣù Kẹta ọdún 1851 tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, èmi tí ó yẹ kí n lọ jókòó ti àwọn àgbà àdúgbò ni mo kọrí sí káfẹ́. Ohun tí ó wà lápò ṣòkòtò ni mo ń wá lọ sí Sókótó.

Abéèrè kì í ṣìnà, wọ́n ní, mo sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: mo tẹ odindi lẹ́tà sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má bínú, kí n tó dárúkọ ohun tí mo ń fẹ́. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ ìkíni. Ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ ni ó ń wá kiri inú àwọn ojú ewé tí ó ti kà pamọ́, nítorí náà àpẹẹrẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni ó kó fún mi. Mo gé e kù sí “Amazon”, orúkọ tí òyìnbó fún àwọn obìnrin náà. Odò ńlá Brazil jáde, ilé ìtàwé kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e, mo sì jókòó tí mo ń ka iye owó ìwé.

Ọmọ tí ń tọ́jú káfẹ́ ṣàánú mi. “Bàbá, ẹ gbìyànjú Yahoo.” Atọ́ka tí Jerry Yang àti David Filo bẹ̀rẹ̀ ní Stanford ní 1994 ni ó ń wí, tí wọ́n wá tì pa lẹ́yìn náà ní 2014: ènìyàn ni ó ń ka ojú òpó níbẹ̀, tí ó sì ń pín wọn sábẹ́ àkòrí, bí ìyá àgbà tí ń ṣa ẹ̀wà. Ó wù mí jọjọ, àmọ́ ẹni tí kò mọ abẹ́ àkòrí tí nǹkan wà yóò rìn títí. Abẹ́ orílẹ̀-èdè ni mo ti ń wá Dàhómì, láìrántí pé ó ti di Benin láti 1975. Nígbà tí mo máa rántí, àkókò tíkẹ́ẹ̀tì mi ti ń tán lọ. Mo sáré padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ, mo tẹ “Benin”, mo ní kí wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo tún agbádá ṣe, mo ń ka ìtàn àwọn ère idẹ ìlú Benin ti Nàìjíríà tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, nígbà tí bàbá kan níwájú nawọ́ sókè.

“Akọ̀wé, ṣé Ọba Ovọnramwẹn náà bá wa jà ni?”

“Bàbá, inú íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i.”

Bàbá yíjú sí alága. “Íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ọmọ agboolé wo ni?”