Láti Agége dé Lọ́ńdọ̀nù, Kò Sí Gósìlóò

Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ iléèwé láti Agége lọ sí mùsíọ́mù Oníkan, kó tètè jí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì ò mọ ẹni tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́ńdọ̀nù ló rọrùn. Tíṣà á tẹ Zoom, British Museum á wọ kíláàsì, kò sí físà, kò sí owó ọkọ̀. Orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 á yọ lójú ẹ̀rọ, òyìnbó á sì máa ṣàlàyé baba ńlá wa fún wa, bí jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ iléèwé wa bá gbà ká gbọ́. Ọmọ kan á nawọ́: “Àǹtí, ṣé wọn ò lè dá orí yẹn padà sí Ifẹ̀, káwọn náà máa fi Zoom wò ó?”

Kí òyìnbó tó dáhùn, iná á ti lọ.