Àǹtí Ẹ-Má-Tíì-Fọwọ́-Kàn-Án

Kò sí ìjọ ọmọ Yorùbá ní Houston tí kò ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ wá, kí gbogbo ìjọ jọ jẹun lẹ́yìn ìsìn, àwọn yòókù á gbé jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà, mọ́ínmọ́ín, àti adìyẹ díndín tí wọ́n fi fọ́ìlì bò. Òun á dé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìkéde lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ epo tó ń pàṣẹ fún odidi ẹ̀ka iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àwo, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má baà kọsẹ̀. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ sáàárín tábìlì. Wọ́n á ṣí i. Ìtasánsán bọ́tà àti sínámọ́nì á gba gbọ̀ngàn kan, gbogbo ọrùn á yí. Ìgbà náà lẹ ó gbọ́ ọ:

"Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án!"

Orúkọ tí àwọn ọmọdé ìjọ fi ń pè é nìyẹn, kò kúkú sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pè é: Àǹtí Ẹ-Má-Tíì.

Ohun tó wà nínú àwo náà ni búrẹ́dì aládùn kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní monkey bread. Wọn kì í fi ọ̀bẹ gé e. Ìyẹ̀fun, wàrà lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin, bọ́tà àti yíìsì ni wọ́n ń pò pọ̀. Tó bá wú tán, wọ́n á bù ú ní kéékèèké, wọ́n á yí i rogodo, wọ́n á rì í sínú bọ́tà yíyọ́, wọ́n á yí i nínú ṣúgà àti sínámọ́nì, wọ́n á wá tò ó lé ara wọn nínú páànù tó ní ihò láàárín. Tó bá jinná, rogodo kọ̀ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, síbẹ̀ kálukú á ṣì dá dúró. Torí kí ènìyàn púpọ̀ lè na ọwọ́ sí i pa pọ̀ ni wọ́n ṣe dá a bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú já tirẹ̀ nígbà tó ṣì ń gbóná. Ọwọ́ ọmọdé tó o, ọwọ́ àgbà sì wọ̀ ọ́. Àfi tí Àǹtí bá dúró tì í nìkan ni ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀.

Kí ẹ tó jẹ, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn. Á ní ọ̀dọ̀ àwọn Júù tó ti Húngárì kó wá sí Amẹ́ríkà ni búrẹ́dì yìí ti wá, pé aranygaluska ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Á ní ìwé ìdáná Betty Crocker gbé e jáde ní 1972, ó pè é ní kéèkì ará Húngárì. Á ní Nancy Reagan, ìyàwó Ààrẹ ìgbà kan, a máa gbé e kalẹ̀ ní White House tí Kérésìmesì bá dé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò bá a jiyàn. Á wá ṣàlàyé fún wa, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, pé ẹwà oúnjẹ yìí ni pé gbogbo ilé ló ń fi ọwọ́ jẹ ẹ́ láti inú àwo kan. Obìnrin tó dàgbà ní Òṣogbo ló ń sọ èyí fún wa o, nínú ilé tí ọmọ mẹ́fà ti ń jọ jẹ àmàlà nínú abọ́ kan, tí ẹni tó bá lọ́ra nínú wọn á sùn lébi.

Ó tún gbàgbé bàbá dúdú. Ọbẹ̀ ṣúgà tó ń dà lé búrẹ́dì yìí lórí, tó ń fi imú pe orúkọ rẹ̀ ní caramel, kí ni bí kò bá ṣe ṣúgà tí wọ́n jẹ́ kí iná pa lójú dà? Àwọn ìyá tó ń fi wàrà àgbọn se bàbá dúdú, tó ń da ṣúgà yíyọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀pà di sísì pẹlẹbẹ, ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀ kó tó korò. Àǹtí ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná. Tó bá ti ń lé sí 340 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit, á pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́.

Èso ló fi ń gbé tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Lásìkò ooru, píìṣì ni, kò sì ní ra ti ọjà lásán, àfi ti Fredericksburg, ìlú tí wọ́n mọ̀ ní gbogbo Texas fún píìṣì. Tí ewé bá ń wọ́, ápù ni. Tó bá di Kérésìmesì, cranberry àti ọsàn. Á se omi èso náà títí á fi kì, á sì rí i pé ó gbóná kó tó dà á sí ṣúgà, nítorí omi tútù tó bá kan ṣúgà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, á ta síni lára, ṣúgà á sì dì gbagidi sínú ìkòkò. Bọ́tà á wọ̀ ọ́, iyọ̀ díẹ̀ á wọ̀ ọ́. Kíkan èso á mú àdùn náà níjàánu. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó dùn. Lọ́jọ́ tí mo bá rí i jẹ.

Ẹ yìn ín wò. Á ní, "Áà, kì í ṣe nǹkan kan o. Mo kàn sáré pò ó ni." Ẹ má gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ti dé láàárọ̀ Sátidé, ìdájí Sọ́ńdè ló sì ti jí. Páànù oníhò náà, ọjà Nordic Ware ti Minneapolis tí wọ́n ti ń ṣe láti 1950, ó ní márùn-ún, kò sì ní yá ẹnikẹ́ni. Wàrà tí ó fi ń ji yíìsì, ó wọn ìgbóná rẹ̀, nítorí tó bá ti tó 140, yíìsì á kú. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí nígbà mìíràn. Ká ní ó sọ pé ó rẹ òun ni, gbogbo wa ì bá dìde kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹ kú iṣẹ́; ó fẹ́ ká gbà pé bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn.

Ìyàwó tuntun kan tí kò tíì pẹ́ tó ti Ìlọrin dé gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Ìyẹ̀fun pípò inú agolo ló rà, èyí tí wọ́n ń kó sínú fíríìjì ilé ìtajà, tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fúnra wọn fi ń ṣe búrẹ́dì yìí. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó gbọ̀n ọ́n nínú ọ̀rá oníṣúgà, ó yan án, ó sì gbé e wá. Kò sọ ìtàn kankan. Ó ní, "Ẹ bá mi jẹ ẹ́ o." Àmín àdúrà oúnjẹ kò tíì tán lẹ́nu tí búrẹ́dì ti tán, ọmọ kan ń fi ìka nu ìdí páànù. Àǹtí mú díẹ̀, ó dijú tọ́ ọ wò.

"Ó gbìyànjú. Àmọ́ mo ń gbọ́ òórùn agolo lára rẹ̀."

Ìyàwó tuntun ti padà sídìí mọ́ínmọ́ín láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì, ibẹ̀ niṣẹ́ gan-an wà. Àǹtí kì í da ọbẹ̀ ṣúgà lé búrẹ́dì nílé. Inú filáàsì ló ń gbé e wá, kó lè dà á níṣojú gbogbo ayé, kí fóònù sì ká a sílẹ̀ bó ṣe ń ṣàn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin di fóònù mú. Ó dà á. Kò dára tó. Òjìji Díkínì bọ́ sórí rẹ̀. Díkínì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀. Ó tún un dà. Wọ́n gbé tábìlì sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín kúrò, ó ń ba àwòrán jẹ́. Ó wá pe àwọn ọmọdé.

"Ó yá, ẹ na ọwọ́ yín, bíi pé ẹ fẹ́ já a. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ kàn na ọwọ́."

Ọwọ́ kéékèèké dúró lókè búrẹ́dì, wọ́n ń gbọ̀n. Itọ́ ń dà lẹ́nu èyí tó kéré jù. "Ẹ rẹ́rìn-ín." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan láti Ìbàdàn, tó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó, kò gbọ́ òfin yìí rí. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó já mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

"Hẹ̀ẹ̀! Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ẹ má tíì…"

"Ṣé wọn ò tíì gbàdúrà sí i ni?"

"Wọ́n ti gbàdúrà, mà. Fọ́tò ló kù."

Màmá wò ó. Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ò ní sí nínú fọ́tò, ọmọ mi," ló wí, ó sì ju ọ̀kan sẹ́nu.

Àǹtí yí ojú ibi tí Màmá ti já a sẹ́yìn, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ṣúgà kì í dúró de ayàwòrán, pàápàá nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ kíkankíkan. Ọbẹ̀ tó ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan ti di àtè. Ṣúgà tó wà lára búrẹ́dì ti le, rogodo kan kò sì fẹ́ fi èkejì sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí Àǹtí wá ní, "Ó yá, ẹ máa bọ̀," tí ẹni àkọ́kọ́ fà á tí gbogbo àwo tẹ̀lé e, ọ̀bẹ ni wọ́n ń wá kiri.

Òun fúnra rẹ̀ ló pín in: ẹyọ kan lórí tíṣù fún ọmọ ìjọ, mẹ́rin fún Mọ́mì Pásítọ̀. Ìdajì ṣẹ́ kù. Ó fi fọ́ìlì bò ó, ó ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ọ̀la á dára ju èyí lọ, ọkọ rẹ̀ sì tún gbé àwo lẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sórí WhatsApp ìjọ. Èyí tí àwọn ọmọdé ti na ọwọ́ ló ṣíwájú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àjọjẹ ló ń mú oúnjẹ dùn. Àmín ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan tí tíṣù kò kàn wá béèrè pé, "Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kù?"

Àmì búlúù méjèèjì yọ: Àǹtí ti kà á. Ó fi fọ́tò mẹ́ta míì ránṣẹ́.